Ebè Iṣu Tí A Wò Láti Ojú Ọ̀run

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń yà kí mi ní Kambolé, ní ilẹ̀ Togo níbí, bí ẹ bá ti Sokodé dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí. Ẹ ní, "Màmá, iṣẹ́ tí ẹ ṣe yẹn, ṣé ó dára kí èèyàn kọ́ ọ?" Ẹ ti gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń náwó sórí ẹ̀rọ tó ń fò àti sátẹ́láìtì, pé wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa fi ẹ̀rọ ṣọ́ ilẹ̀ wa. Ẹ wá rò pé èmi tí mo lo ọjọ́ ayé mi nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á lè dá yín lóhùn kíá kí ẹ tó tún gun alùpùpù yín lọ. N ò lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe rí fún mi, kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó bá wúlò fún un níbẹ̀.

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Mo jáde ilé ìwé ní Sokodé, mo gbọ́ Faransé, mo mọ ìṣirò díẹ̀, ìjọba ń gba èèyàn, mo ṣe ìdánwò, wọ́n mú mi. Owó oṣù náà tó jẹun, kò tó kọ́lé. Ilé tí ẹ máa ń bá mi nínú rẹ̀ yìí, oko iṣu bàbá mi ló kọ́ ọ, kì í ṣe ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.

Ilé kékeré kan ni iléeṣẹ́ wa, ní ẹ̀yìn Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, tí òpó irin gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti gbọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣọ́ ibodè bá sọ lórí rédíò, láti Tchamba, láti Koussountou, títí dé Kambolé níbí, kí a sì fi ránṣẹ́ sí Lomé. Bí àwọn kan bá jí màlúù sọdá sí Benin, bí omi bá gbé afárá lọ, bí wọ́n bá rí àjèjì tó ń gbé ìbọn kiri inú igbó, àwa la kọ́kọ́ ń gbọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀ ni Ọ̀gá Búráímà. Ọmọ Tem ni, ẹ̀yà tó ni Sokodé, ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí Komah. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, kì í sì í gbé ohùn sókè. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ kú" lọ. Tem la fi ń sọ̀rọ̀, a sì ń fi Faransé há a láàrin, èmi ni mò ń tú u fún yín báyìí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo rò pé yóò fi rédíò hàn mí. Kò fi nǹkan kan hàn mí. Ó ní kí n lọ dúró lójú fèrèsé.

"Kí lo rí?"

"Mo rí ìyá kan tó ń lọ sí ọjà."

"Ta ló sọ fún ọ pé ọjà ló ń lọ?"

Mo tún wò ó. "Ó ru igbá, Ọ̀gá."

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá ti ru igbá, ọjà ló ń lọ?"

"Rárá."

"Kí lo wá rí?"

"Mo rí ìyá kan tó ru igbá, tó kọjú sí ọ̀nà ọjà."

"Ìyá? O mọ ọmọ rẹ̀ ni?"

Inú ti ń bí mi. Ṣé kí n lọ bi í léèrè ni? Mo ní, "Mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ aláró, tó ru igbá, tó kọjú sí ọ̀nà ọjà."

Ó mi orí. "Ó dára. Kọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́."

Kò sí ibi tí mo fẹ́ fi obìnrin aláṣọ aláró ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń sọ nìyẹn bí iṣẹ́ èèyàn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì ní ìyìn mìíràn. Ọjọ́ tó bá ti sọ ọ́ fún mi, oúnjẹ ọ̀sán máa ń dùn lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí kò bá sọ ọ́, màá lọ sílé, màá sì máa kanra mọ́ ọkọ mi tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Rábí, bí o bá sọ lórí rédíò pé o rí olè, sọ́jà ló máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹ. Bí o bá sọ pé o rí ọkùnrin méjì tó ń sáré, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń sá fún. Ohun tí o rí, ti ìjọba ni. Ohun tí o rò, máa gbé e pamọ́ sílé."

Ó le. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ọkùnrin náà le. Bí mo bá bó etí wáyà tí irin inú rẹ̀ já ẹyọ kan, màá tún un bó. Nígbà ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ pátá, mo gbọ́dọ̀ ti fi aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò lára gbogbo ẹ̀rọ, nítorí ó ní eruku Sokodé máa ń wọ ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ̀. Ó máa ń ní kí n fi ẹ̀rọ sí etí, kí n máa gbọ́ ariwo tó ń ṣe ṣááá lásán, títí màá fi lè sọ fún un bóyá òjò ló ń bọ̀ tàbí ẹ̀rọ amúnáwá ẹnìkan ló ń da ohùn rú. Mo sunkún níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó rí mi, ó jáde, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé tíì wọlé fún mi, ó fi ṣúgà sí i ju bó ṣe máa ń fi sí tirẹ̀ lọ. Mo mu ún tán, mo tún wáyà náà bó.

Nígbà tí mo bí Sálíù, ọmọ mi, tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tí màá gbé e fún. Ọ̀gá Búráímà tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì rédíò, ó ní kí n tẹ́ ọmọ síbẹ̀. Ariwo ṣááá yẹn ni ọmọ náà fi ń sùn. Ó burú débi pé bí a bá dé ilé, kò ní sùn, àfi kí bàbá rẹ̀ yí rédíò sí ibi tí kò sí iléeṣẹ́ kankan, kí ó máa pariwo. Àwọn ará ilé rò pé nǹkan ṣe wá. Ọ̀gá Búráímà máa ń bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́ tábìlì, á ní, "Òṣìṣẹ́ ìjọba ti sùn."

Báyìí ni ọdún ń lọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé àwo irin ràgàjì kan dé, èyí tí wọ́n fi ń gba ohun tí sátẹ́láìtì bá rán wá láti ojú ọ̀run. Gbogbo Komah jáde wá wò ó. Ìyá àgbà kan wò ó títí, ó béèrè bóyá ìjọba fẹ́ máa sá ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ ni. Ewúrẹ́ àdúgbò kò béèrè nǹkan kan ní tiwọn, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí lọ́sàn-án. Lẹ́yìn àwo náà ni kọ̀ǹpútà dé, lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni àwòrán dé. Ìjọba ti ń sanwó kí sátẹ́láìtì máa ya ilẹ̀ wa láti òkè, ibodè ni wọ́n sì ń fẹ́ wò jù.

Wọ́n kó wa lọ sí Lomé láti kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán yẹn. Àjèjì kan ló kọ́ wa. Ó sọ fún wa pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ń ná owó tí kò lóǹkà láti dáàbò bo sátẹ́láìtì wọn lókè lọ́hùn-ún, torí ẹni tó bá ba sátẹ́láìtì ẹlòmíràn jẹ́ ti fọ́ ọ lójú nìyẹn, kò ní rí ogun kí ogun tó dé. Mo rò pé ọkùnrin náà ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà rárá. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo bi Ọ̀gá Búráímà pé kí ló rò sí i. Ó ní òun kò rò nǹkan kan, òun rí ọkùnrin kan tó wọ súùtù tó ń làágùn.

Ìgbà ọyẹ́ kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku díẹ̀ kí Ọ̀gá Búráímà fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rù ti ń ba gbogbo èèyàn nígbà náà nítorí àwọn tó ń gbé ìbọn kiri inú igbó, tí wọ́n ń gun alùpùpù láti ìlú kan sí ìkejì. Lomé ti sọ ohun tí a ó máa wá nínú àwòrán fún wa: iná níbi tí iná kò sí tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀nà alùpùpù tuntun, tapólì tí wọ́n ta sábẹ́ igi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sálíù lọ ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Sokodé lè má mọ̀ ọ́n dáadáa. Nílé wa níbí, bí ọmọkùnrin bá ń fẹ́ ọmọ onílé, kì í ṣe ẹrù nìkan ló ń gbé wá. Ó gbọ́dọ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n lọ kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó lóko. Bí ebè bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà ní èèyàn lẹ́yìn. Sálíù ń fi alùpùpù kó èrò ní Sokodé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì ń fi alùpùpù kó èrò. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe lọ sóko àna.

Mo mọ̀ pé ó lọ, èmi ni mo di oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n oko tí mo mọ̀ mọ bàbá Àfúsá, ọmọbìnrin tó ń fẹ́, ọ̀nà Tchamba ló wà. N ò mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣá, tí bàbá náà ti lọ ṣí igbó tuntun lẹ́bàá ibodè Benin lọ́dún yẹn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi sọ fún mi.

Àwòrán àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo wò ó, Ọ̀gá Búráímà dúró lẹ́yìn mi.

"Kí lo rí?"

"Mo rí iná lójú mẹ́ta, lẹ́bàá ibodè. Mo rí ojú ọ̀nà tóóró tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo rí nǹkan aláwọ̀ búlúù lábẹ́ igi, ó dọ́gba nígun mẹ́rin."

"Ó dára. Kọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́."

Mo fi ránṣẹ́. Mo lọ sílé, mo jẹun, mo sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwòrán mìíràn dé, èyí tó mọ́lẹ̀ ju tàná lọ. Gbogbo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná wà ti di ihò. Ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ, lórí ìlà gbọọrọ. Kí n tó sọ̀rọ̀ ni fóònù Lomé dún. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi wá bóyá àwa náà rí i. A ní a rí i. Ó ní ihò tí àwọn oníbọn ń gbẹ́ láti fara pamọ́ sí ni, àti pé Kọmándàn, ọ̀gá àwọn sọ́jà tó wà ní Sokodé, ti gba àṣẹ, àwọn sọ́jà ti jáde.

Mo jókòó ti àwòrán náà. Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu nínú rẹ̀, n ò mọ ohun tó jẹ́.

Ọ̀gá Búráímà ní, "Sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀."

"Mo rí ihò. Wọ́n tò. Àlàfo tó wà láàrin wọn dọ́gba. Wọ́n pọ̀ gan-an, Ọ̀gá, wọn kò sì sí níbẹ̀ lánàá."

Ó nawọ́, ó mú ìwé náà níwájú mi, ó dorí rẹ̀ kodò lórí tábìlì, ó tún un tì sí mi.

"Kí lo rí?"

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ihò yẹn ló dìde lójú mi. Wọ́n wú sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ilẹ̀ náà fi kún fún òkìtì. Mo ti kà nípa irú rẹ̀ ní Lomé, n ò sì rí i rí. Nígbà ọyẹ́, apá gúúsù ni oòrùn wa máa ń gbà, òjìji nǹkan á wá ṣubú sí ibi tí ojú èèyàn kò retí rẹ̀ lórí ìwé, èyí tó ga á dà bí èyí tó jìn, àfi bí a bá dorí ìwé náà kodò. Ẹni tó wà ní Lomé kò ṣe òmùgọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ iṣu, tí mo sun àárín ebè nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi náà ti wò ó, ihò ni mo sì rí.

Mo ní, "Mo rí ebè."

Ta ló lè kọ ebè tó pọ̀ tó báyìí láàrin ọjọ́ kan? Bàbá àgbẹ̀ kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe é. Ọ̀wẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Ọ̀wẹ̀ tí wọ́n gun alùpùpù wá, tí wọ́n ta tapólì, tí wọ́n dáná láti se oúnjẹ. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Èyí tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ohun tí mo rí. N ò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú àwòrán yẹn.

Ọ̀gá Búráímà wo ojú mi. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Rábí. Sọ ohun tí o rò."

Kò sọ irú rẹ̀ fún mi rí, láti ọjọ́ obìnrin aláṣọ aláró.

"Ọ̀gá, mo rò pé Sálíù wà níbẹ̀."

Ó gbé fóònù. Ó ṣàlàyé fún Kọmándàn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Kọmándàn náà gbọ́ ọ, kò bínú. Ó ní òun gbà pé ó lè jẹ́ ebè, ṣùgbọ́n oníbọn lè fara pamọ́ sínú oko, òun kò sì lè fi ohun tí ẹnìkan rò kó àwọn ọmọ òun padà. Ó ní òun á dúró dè wá ní etí igbó lẹ́yìn Kambolé. "Ẹ má pẹ́ o," bó ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Mo pe fóònù Sálíù, kò wọlé. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní apá ibẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá Búráímà fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ iléeṣẹ́, ọkọ̀ tó ti gbó tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí láti inú. A kọjá Tchamba. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà Kambolé, ó ní, "Ọmọ tó sùn lábẹ́ tábìlì mi." Mo yíjú sí i, mo rí i pé omi wà lójú rẹ̀. Bàbá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ní eruku ni.

A bá àwọn sọ́jà ní etí igbó, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan ti dojú bolẹ̀. Kọmándàn ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú láti pe àwọn tó wà nínú oko kí wọ́n jáde. Mo sáré bá a, mo pè é ní "chef" bí a ṣe máa ń fi Faransé pe ọ̀gá sọ́jà.

"Chef, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n. Nínú igbó wa níbí, bí ohùn tí èèyàn kò rí bá pe èèyàn, kì í jẹ́ ẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa. Wọ́n á dákẹ́ ni, wọ́n á ba."

"Bí wọ́n bá dákẹ́, kí ni kí n wá rò?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín."

Ó wò mí. Ọmọdé ni lójú mi, ó rí bí ẹni tí kò tíì sùn. Ó ní, "Màmá, mi ò fẹ́ pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí wa tí wọ́n sáré sídìí alùpùpù, láti ibí yìí, àwọn ọmọ mi ò ní mọ̀ bóyá ọkọ́ ló wà léjìká wọn tàbí ìbọn. Ṣé ohun tí mò ń sọ yé yín?"

Ó yé mi ju bó ṣe rò lọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ kí wọn."

"Kí wọn báwo?"

"Kí wọn kú iṣẹ́ ni, chef. Ẹni tí kò ní jẹ́ ìpè á dáhùn ìkíni."

Ó gbà. Ọ̀gá Búráímà ní òun á bá mi lọ, Kọmándàn ní rárá, Ọ̀gá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A jọ wọ inú koríko. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ọkọ́, gbì, gbì, gbì, àti ohùn àwọn ọmọkùnrin tó ń bú ara wọn bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bú ara wọn. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré, mo dá a dúró. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ẹ kú oko o! Ẹ kú ọ̀wẹ̀ o!"

Ọkọ́ dúró. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo mọ̀ pé ìbọn wà lẹ́yìn wa, mo sì mọ̀ pé ojú wà níwájú wa. Nígbà náà ni Ọ̀gá Búráímà, tí kò gbé ohùn sókè rí ní gbogbo ayé rẹ̀, kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú Yorùbá ẹnu Tem rẹ̀:

"Ẹ kú o! Ẹ kú! Ẹ kú gbogbo rẹ̀ o!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Òoo! Ẹ káàbọ̀ o!" Sálíù sì jáde láàrin ebè, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀.

"Màmá? Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé?"

"Gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀," ni mo sọ. "Gbogbo yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀ ná."

Wọ́n gbé e sílẹ̀. Mo di ọmọ mi mú. Ó ń làágùn, ó ń rùn, mo dì í mú bíi pé àná ni mo bí i, mo sunkún lójú gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú sì ń tì í. Nígbà tí Kọmándàn àti àwọn sọ́jà rẹ̀ yọ láti inú koríko, ó yé àwọn ọmọ náà ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Bàbá Àfúsá ló tú gbogbo wa sílẹ̀. Bàbá náà wò wá látòkè délẹ̀, ó ní, "Àna mi, mo ní kí ọmọ yín kó ọ̀rẹ́ wá, ẹ̀yin wá kó ìjọba wá. Ó dára, ilẹ̀ ṣì kù tí a ò tíì kọ."

Kọmándàn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A jẹ iṣu sísun níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn sọ́jà tó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ sì gba ọkọ́, ó kọ ebè kan tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá Àfúsá fi bi í bóyá ó ti ní ìyàwó.

Lẹ́yìn ìyẹn, Lomé rán àṣẹ kan wá pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa àwòrán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dorí rẹ̀ kodò wò, kí ó sì wá ọmọ ibi tí wọ́n ya náà, kí ó bi í ní ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe níbẹ̀ ní àsìkò yẹn. Ó dùn mọ́ mi. Ọ̀gá Búráímà fẹ̀yìn tì ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi mí sí ipò rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fò láìní awakọ̀ dé lójú mi, mo kọ́ wọn, àwọn tó wá lẹ́yìn mi sì mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Sálíù fẹ́ Àfúsá. Àwọn ọmọ wọn ló ń ba àgbàdo mi jẹ́ níbi tí mo ti ń kọ èyí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣì ń bi mí, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ kọ́ ọ. Ó yẹ kí ìjọba náwó sí i, ẹ̀rù tó ń bà wá kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ tó ń wo ilẹ̀ láti òkè, tí wọn kò náwó sórí àwọn tí yóò jókòó ti ohun tí ẹ̀rọ náà rí, ọ̀ràn wa ṣì kù nílẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ Kambolé kan wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ó bá lè jẹ́ ọ̀kan nínú yín, inú mi á dùn gidigidi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Kí òjò ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ara Ọ̀gá Búráímà kò yá. Mo dé Komah lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n mú mi wọ yàrá rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wá ọ̀rọ̀, ó ṣí ojú.

"Kí lo rí?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣùgbọ́n yóò bi mí pé ta ló sọ fún mi. Mo ní, "Mo rí ọ̀gá mi. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó wọ fìlà funfun. Ó ti rù. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Ó mi orí. Mo dúró kí ó sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ. Kò sọ ọ́.

"Kí lo rò?"

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà. Mo ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, ẹ̀yin lẹ sì tún fún mi ní ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé mo fẹ́ràn yín bí mo ṣe fẹ́ràn bàbá tó bí mi. N ò sọ ọ́ fún yín rí, torí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa gbé ohun tí mo bá rò pamọ́ sílé."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un. Ó wá ọwọ́ mi, ó dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ gan-an.

"Ó dára, Rábí," ó ní. "Kọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́."

Ẹ̀yin ni mo fi í ránṣẹ́ sí.